Ẹni Tó Ń Dá Gọ́ọ̀fù Gbá Lórí Pápá Àjèjì

Títí di ọdún 2004, ẹni tó bá ń dá gọ́ọ̀fù gbá kò ní ipò kankan lórí pápá. Bí ìwé òfin eré náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn: ẹni kan ṣoṣo kò ní ipò, ó sì gbọ́dọ̀ yà fún ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n tún ibẹ̀ kọ. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe yára sí ni a ó fi mọ ẹni tí yóò kọjá, wọ́n sì fi kún un pé bí àwọn bá sọ pé "ẹgbẹ́", ẹni tó dá wà náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí kíláàsì ìmọ̀ ìtumọ̀, ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣe. Wọ́n fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ẹni tí kì í ṣe nǹkan kan lánàá sì di ẹgbẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé nígbà tí mo sọ fún àwọn kan ní ẹ̀ka wa pé mo lọ dá gọ́ọ̀fù gbá ní IITA, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí. Owó ta ni? Ta lo bá gbá a? Báwo la ṣe mọ̀ pé o ò tan ara rẹ jẹ? Ìdáhùn sí àkọ́kọ́ kò gùn: owó tí mo rí níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní Yorùbá nígbà ìsinmi ni. Méjì tó kù ni mo fẹ́ dáhùn níbí, nítorí inú wọn ni gbogbo eré náà wà.

Ọmọ Lálúpọn ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, lójú ọ̀nà Ìwó. Bí ẹ ò bá mọ̀ wá, ẹ lè mọ ibùdókọ̀ ojú irin wa, lórí ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì tẹ̀ síwájú dé Òṣogbo ní 1907. A ò ní pápá gọ́ọ̀fù. Ohun tí a ní ni oko ẹ̀gẹ́, pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ tí ewúrẹ́ máa ń jẹko lórí rẹ̀, àti àbúrò ìyá mi, tó fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe kádì ní ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan nínú ìgboro. Òun ló kọ́ mi. Igi onírin kan ṣoṣo, nọ́ńbà 7, tí ọ̀gá kan fi ta á lọ́rẹ, la fi bẹ̀rẹ̀ lórí pápá yẹn ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá ti lọ.

Fún ẹni tí kò rí eré náà rí: bọ́ọ̀lù kékeré kan wà nílẹ̀, ihò kan wà lọ́nà jíjìn tí àsíá dúró nínú rẹ̀, fífẹ̀ ihò náà kò ju mìlímítà 108 lọ láti 1891 wá. Ìwọ̀nba ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni kí o fi gbá a débẹ̀. O lè kó igi tó tó 14 dání, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò kọ̀ọ̀kan ní iye tí a retí pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá fi parí rẹ̀, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní páà. Ó tán. Eré àtijọ́ ni: ní 1457 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Scotland ti fòfin dè é, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ń fi í sílẹ̀ ọfà tó yẹ kí wọ́n máa ta. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa náà tẹ̀lé òfin tirẹ̀. Èdè wa kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà "golf" pàdánù l rẹ̀, fáwẹ̀lì gùn, u sì wá tì í lẹ́yìn: gọ́ọ̀fù. Bẹ́ẹ̀ náà ni "film" ṣe di fíìmù. Kádì ní tirẹ̀ ti rìn jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Cadet" àwọn Faransé ló di "caddie" ní Scotland kó tó dé Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì. Ta lo bá gbá a? Iwin ni.

N kò ṣeré. Ní 1890, ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hugh Rotherham dábàá pé kí wọ́n fi iye kan lélẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù máa bá iye yẹn figagbága dípò ènìyàn. Orin kan ń lọ nígboro nígbà náà nípa Bogey, iwin tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Nígbà tí àbá náà dé Great Yarmouth, wọ́n ní alátakò tí a kì í rí yìí, tó ń nà wá lójoojúmọ́, Bogey gan-an ni. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ní Gosport ní 1892. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn ló ní oyè ológun, wọn ò sì lè jẹ́ kí ẹni tí kò ní oyè máa bá wọn gbá, ni wọ́n bá fi Bogey jẹ Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Lónìí, bí o bá fi ẹ̀ẹ̀kan kọjá páà, wọ́n á ní o gbá bógì. Iwin tiwa ń gbé inú igbó àti ìdí ìrókò. Tiwọn ń gbé inú káàdì tí a fi ń kọ iye. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bínú, kì í gbá bọ́ọ̀lù sómi, kò sì sọ̀rọ̀ láti ihò kìíní dé ìkẹyìn.

Ìdí nìyí tí dídá gbá fi yàtọ̀ sí kí ènìyàn kan máa ti bọ́ọ̀lù kiri. Bí ẹni mẹ́rin bá jọ ń gbá a, ìwọ á máa wo tiwọn. Bí ẹnì kan bá gbá tirẹ̀ dànù, ara tìẹ á balẹ̀ díẹ̀ (ẹ má purọ́). Bí o bá dá wà, kò sí ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ máa tù ọ́ nínú.

Pápá àjèjì wá fi ti ilẹ̀ kún ti iwin. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lápá Akínyẹlé, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kì í ṣe orúkọ tuntun létí àwọn àgbẹ̀ Lálúpọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ti mú wọn mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó hẹ́kítà 1,000, igbó wà níbẹ̀, adágún omi wà níbẹ̀, pápá gọ́ọ̀fù náà sì wà níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ láti Lálúpọn dé Ìwó Road, mo wọ míkírà lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, mo tún wọ òmíràn. Igi mẹ́fà ni mo dì sínú àpò ìrẹsì. Obìnrin tó jókòó tì mí wo ẹnu àpò náà títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹran le ń lọ pa ni?"

Àbúrò ìyá mi ò dé ibẹ̀ rí, orúnkún rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè tẹ̀ lé mi. Ìyẹn túmọ̀ sí pé n kò ní kádì, bẹ́ẹ̀ kádì ni ojú ẹni lórí pápá. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹrù ni kádì ń rù. Ẹrù ni èyí tó kéré jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń tan ojú jẹ, ó mọ̀ pé ihò yìí jìn ju bó ṣe rí lọ, ó sì ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ já sí nígbà tí ìwọ ń gbé ojú sókè láti fi ṣe fọ́rífọ́rí. Ẹni tó dá wà lórí pápá àjèjì gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀.

Káàdì ni kó kọ́kọ́ kà, kó sì kà á dáadáa. Kì í ṣe páà àti gígùn ihò nìkan ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kan tún wà tó ń fi líle ihò kọ̀ọ̀kan hàn sí èkejì. Èyí tí wọ́n kọ 1 sí ló le jù. Àlejò tó bá rí 1, tó wá fẹ́ fi agbára hàn níbẹ̀, kò gbọ́ ohun tí onílé sọ fún un ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn òpó kéékèèké. Funfun túmọ̀ sí òde: bí bọ́ọ̀lù bá kọjá rẹ̀, padà sí ibi tí o ti gbá a, kí o sì fi ẹ̀ẹ̀kan kún iye rẹ. Pupa àti yẹ́lò ni ti ẹ̀bá omi àti ibi tó jọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn pápá sì máa ń fi àmì kan sí ibi tó ku 150 yáàdì sí àárín gríìnì, ìyẹn ibi tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ihò ká. Àmì yẹn kò wúlò fún ẹni tí kò mọ bí igi tirẹ̀ ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà tó. Ní Lálúpọn, a fi ẹsẹ̀ wọn tèmi láti ojúlé kan dé èkejì lórí pápá bọ́ọ̀lù, lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nọ́ńbà 7 mi ń lọ tó 140 yáàdì. Kì í lọ 160 nítorí pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Ojú máa ń purọ́ lórí ilẹ̀ tí ènìyàn kò mọ̀. Àsíá tí o rí orí rẹ̀, tí o kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ kan ti ga láàárín yín, o ò sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn gíga náà. Níbí ni dídá wà ti ní èrè kan: bí kò bá sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, o lè rìn lọ wò ó, kí o tún padà wá gbá a. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ rìn, kó fojú sun àárín gríìnì, kó gbàgbé àsíá. Ẹni tó mọlé nìkan ló lè máa fi ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Lórí gríìnì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àbúrò ìyá mi fún mi: "Bi ilẹ̀ léèrè ibi tí omi òjò máa gbà." Bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ kò yàtọ̀ sí omi. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ wá ibi tí adágún wà ní gbogbo ilẹ̀ náà, lẹ́yìn náà ni mo wá lọ dúró sí ìsàlẹ̀ ihò, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo òkè. Láti òkè wo ìsàlẹ̀ kì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kádì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ irú mìíràn tó le ju èyí lọ, bráwùn: yanrìn tí wọ́n po òróró mọ́ láti rọ́pò koríko níbi tí omi kò pọ̀ tó. Lórí bráwùn, ipa ẹsẹ̀ máa ń hàn, o sì gbọ́dọ̀ fa ojú rẹ̀ dán padà fún ẹni tó ń bọ̀. Bí o bá dá wà, kò sí ẹni tó máa mọ̀ bí o kò bá fà á.

Ìgbà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ á gan, bọ́ọ̀lù á fò, á sì máa sáré kọjá ibi tí o rán an. Lásìkò òjò, ibi tó bá já sí ló máa dúró sí, nígbà mìíràn á tiẹ̀ rì díẹ̀.

Ohun tó wá le jù ni wíwá bọ́ọ̀lù. Láti 2019, ìṣẹ́jú 3 ni òfin fún ọ. 5 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni mẹ́rin pẹ̀lú kádì mẹ́rin ní ojú mẹ́rìndínlógún. Ìwọ ní méjì. Ohun tí àwọn ọdẹ ìlú wa máa ń ṣe bí wọ́n bá ta ẹyẹ ni mo lò: ojú kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó já sí, wàá mú igi kan tàbí òkìtì kan lẹ́yìn rẹ̀ ṣe àmì, wàá sì rìn tààrà lọ síbẹ̀ láì yà. Bí o bá bojú wẹ̀yìn wo àpò rẹ, ó ti tán. Ẹ má sì tẹ ọwọ́ bọ inú koríko gíga; igi ni kí ẹ fi là á, nítorí ejò.

Ní ihò karùn-ún, bọ́ọ̀lù mi wọ koríko lápá ọ̀tún, kò sì dá mi lójú pé mo máa rí i. Òfin gbà mí láàyè láti gbá òmíràn láti ibi tí mo dúró sí, kí n má baà rìn lọ kí n tún rìn padà. Bí mo bá rí àkọ́kọ́, èkejì kò sí mọ́. Bí n kò bá rí i, èkejì ló dúró, pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan tí a ó fi kún iye mi. Bọ́ọ̀lù adelé ni àbúrò ìyá mi ń pè é, n kò sì tíì rí orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adelé jókòó dè é ni. Bí oníléẹ̀ bá dé, adelé á dìde.

Ṣùgbọ́n òfin ní kí o tó gbá adelé, o gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún ẹnì kan. Bí o kò bá kéde rẹ̀, adelé ti di ọba lójú ẹsẹ̀, àkọ́kọ́ sì ti kú, kódà bí o bá padà rí i níbi tó dára. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ṣé ẹ rántí J. L. Austin, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1962 lẹ́yìn ikú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan wà tí sísọ rẹ̀ gan-an ni ìṣe: "Mo sọ ọmọ yìí ní báyìí", "mo jẹ́jẹ̀ẹ́". Ìkéde adelé wà lára wọn. Bọ́ọ̀lù méjèèjì rí bákan náà, igi kan náà ló gbá wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló sọ èkejì di adelé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì fẹ́ olùgbọ́. Ta wá ni ẹni tó dá wà máa sọ ọ́ fún?

Àwọn tó ń túmọ̀ òfin ti ronú kan ìyẹn: bí kò bá sí ẹni tó lè gbọ́, gbá a, kí o sì sọ fún ẹnì kan nígbà tí o bá lè sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè fún lékeléke kan tó dúró nítòsí. Nígbà tó yá, mo bá bàbá kan tó ń gé koríko pàdé, mo kí i kú iṣẹ́, mo ní, "Bàbá, mo gbá bọ́ọ̀lù adelé ní ihò karùn-ún." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá ọ rí i." N kò rí i. Adelé ló jọba.

Ìbéèrè kẹta ló kù: báwo la ṣe mọ̀ pé o ò tan ara rẹ jẹ? Gọ́ọ̀fù ló ń ṣe bí ẹni pé òtítọ́ ẹni ti tó. Gbogbo àwọn agbágọ́ọ̀fù ló mọ ìtàn Bobby Jones ní ìdíje US Open ti 1925. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ mira díẹ̀ nínú koríko nígbà tó fẹ́ gbá a. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i, àwọn alákòóso sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun rí i, ó fi ẹ̀ẹ̀kan kún iye ara rẹ̀. Nígbà tí ìdíje parí, iye òun àti ti Willie Macfarlane dọ́gba, wọ́n tún un gbá, Macfarlane sì fi ẹ̀ẹ̀kan borí. Síbẹ̀, láti 2016, USGA, àwọn tó ń ṣàkóso eré náà ní Amẹ́ríkà, kò gba iye tí ẹnì kan dá gbá mọ́ fún ìṣirò hándíkáàpù, ìyẹn òṣùwọ̀n mímọ̀-ọ́n-gbá ẹni. Wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀. Wọ́n yìn Jones, wọ́n sì tún ní kí a mú ẹlẹ́rìí wá. N kò rò pé méjèèjì takora. A kì í sọ pé onísọ̀rọ̀ abínibí ń purọ́ nígbà tí a bá lọ bi ẹlòmíràn ní ìbéèrè tí a ti bi í.

Àwa onímọ̀ èdè kò sì lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú gbólóhùn tó wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá wa ló jẹ́ pé àwa fúnra wa la jókòó sí yàrá, tí a ní èyí tọ̀nà, èyí kò tọ̀nà, tí a sì fi àmì ìràwọ̀ sí iwájú rẹ̀? Iye tí a dá gbá ni.

Nígbà tí mo padà sí Lálúpọn lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò ìyá mi jókòó níwájú ilé.

"Èló lo gbá?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, sà. Ihò mẹ́sàn-án."

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́nì kan, sà."

"Ó dáa. Jókòó. Kà á fún mi."

Mo fà káàdì yọ. Ó ní kí n dá a padà sápò. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan: igi wo, ibo ló já sí, báwo ni koríko ibẹ̀ ṣe rí, kí ló kàn. Ó ń fi ìka kà á. Ní ihò keje, ó dá mi dúró: "Igi wo lo fi jáde nínú kòtò yanrìn yẹn? O ò mú èyí tó yẹ fún yanrìn lọ." Mo ní nọ́ńbà 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì fi jáde. Ó mi orí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó wákàtí kan. Nígbà tí a parí, ìka tirẹ̀ náà sọ pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ènìyàn lè fi irọ́ kọ nọ́ńbà kan sórí káàdì láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ó wá pa irọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí ilẹ̀, igi àti koríko rẹ̀ bára mu, tí kádì ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún sì ń bi í léèrè, iṣẹ́ ńlá ni.

Mo bi í pé kí ni iye tiẹ̀ tó dára jù. Ó ní 74, ihò méjìdínlógún, ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan tí wọ́n fi pápá sílẹ̀ fún àwọn kádì. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹgbẹ́ náà kì í kọ ti kádì sílẹ̀ nígbà náà. Mo ní kó kà á fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ihò kìíní, ó ń sọ igi, ó ń sọ ibi tí atẹ́gùn ti wá, ó ń sọ ihò kan tí wọ́n ti kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí: orúkọ fún bọ́ọ̀lù tó lọ láì gbéra nílẹ̀, orúkọ fún èyí tó dé etí ihò tó kọ̀ tí kò wọlé. Fóònù mi wà lórí itan mi, mo ti tan rẹ́kọ́dà. Ìka mi náà kà á dé 74.

Rẹ́kọ́dà yẹn ló di ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí èdè àwọn kádì. Mo ti ń bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, kí ó má baà jẹ́ ẹnu ẹnì kan ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lé. Bí bàbá, bùọ̀dá tàbí aládùúgbò yín kan bá ti ṣe kádì rí, níbikíbi nílẹ̀ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ olóòtú. Bọ́ọ̀lù tó dé etí ihò tó kọ̀ tí kò wọlé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.